Omi ní Kọ́nà Òkè Dschang

“Ta ló fún ọmọ yìí lómi?”

Ìbídùn béèrè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tó jókòó yí àgbàlá ẹgbẹ́ ká ní àdúgbò Bonamoussadi ń wo bàtà ara wọn. Alhaji Sàlísù, oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan wúkọ́.

Ìbídùn fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan láti fún ẹsẹ̀ náà nísinmi. Láti àárọ̀ ló ti ń rìn. Takisí ti ṣọ̀wọ́n ní Douala láti ìgbà tí wọ́n ti gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì tún wá dá iye owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí méjì lé e lórí. Ẹni tó bá ṣì rí ẹsẹ̀ lò, kó máa dúpẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń lọ wo mọ́tò tó forí sọra kó lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo nǹkan kò bá iṣẹ́ lọ. Bí ọ̀ràn bá dojú rú fún àwọn Yorùbá ìlú náà, òun ni wọ́n ń wá, nítorí kì í lè sùn bí ìbéèrè kan bá wà nílẹ̀ tí kò ní ìdáhùn.

Ohun tó gbé e wá rèé. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sáré kẹ̀kẹ́ lórí òkè Dschang. Àwọn ọmọ náà gbéra ní Melong, wọ́n la àfonífojì Santchou kọjá láàárín oko kọfí, wọ́n gun ọ̀nà tó ń lọ́ bí ìfun ẹran lára òkè náà títí dé Dschang, wọ́n sì yí padà láti sọ̀ kalẹ̀ sí Santchou, níbi tí eré yóò parí sí. Pamílẹ́rìn, ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn, ló ṣíwájú. Ó dé kọ́nà kan tó ṣẹ́ sí apá òsì nínú kùrukùru, ni kẹ̀kẹ́ bá ta á nù, ó sì gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fò lọ sílẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ ọ̀tún kán. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa dúpẹ́, nítorí ọ̀gbun ò jìnnà síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dìde, wáyà bíréèkì kan ti já. Gbogbo ojú bá yí sí Yẹ̀kínnì, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ ṣe, nítorí òun àti Pamílẹ́rìn ti pariwo lé ara wọn lórí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọlọ́pàá mú un. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí ọjọ́ Ẹtì bá dé, ọkọ̀ yóò kó òun àti àwọn mìíràn lọ sí ẹnubodè. Ìyàwó rẹ̀ Labeebah, tí oyún rẹ̀ ti tó bí, ló wá kúnlẹ̀ níwájú ilé Ìbídùn. Òun náà ló jókòó sórí táyà àlòkù ní igun àgbàlá yìí, tó na ẹsẹ̀ wíwú méjèèjì síwájú.

“Ẹ ò dá mi lóhùn,” ni Ìbídùn wí. “Jandámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ní omi ta sílẹ̀ ní kọ́nà yẹn. Bídọ̀n, ike omi tí Pamílẹ́rìn gbé lọ, ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ò ṣí. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé nínú àwọn bídọ̀n tí ẹ pọn omi sí, tí ẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ọ̀kan ò padà wálé. Ẹnìkan mú un, ó dúró ní kọ́nà, ó na omi sí i. Ta ni?”

“Ìbídùn,” ni Alhaji Sàlísù wí láìgbójú sókè, “ọ̀rọ̀ omi kọ́ lèyí. Wáyà bíréèkì ni. A ti rí ẹni tó pa adìyẹ, o tún ń wá ìyẹ́ rẹ̀ kiri.”

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo adìyẹ náà dáadáa.”

Kẹ̀kẹ́ náà wà lára ògiri, wọ́n fi ìṣó gbé e kọ́. Ìbídùn fa wáyà tó já náà sí ìmọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ ti túká bíi pákò tí wọ́n ti rún fún ọjọ́ pípẹ́.

“Wáyà tí wọ́n bá fi irin gé, ojú rẹ̀ á ṣe rẹ́gí. Èyí fà ya ni. Ìṣubú ló já a, kì í ṣe pé ó já kó tó ṣubú. Bíréèkì ẹ̀yìn sì ni. Ẹ wá wo iwájú.” Ó fi ìka nu rímù táyà iwájú, ìka náà dúdú. “Rọ́bà ni èyí. Bíréèkì iwájú di rímù mú débi tí rọ́bà fi jó mọ́ ọn lára. Alhaji, bíréèkì tó kọ̀ láti mú kọ́ ló gbé ọmọ yìí ṣubú. Bíréèkì tó mú jù ni.”

Alhaji Sàlísù wo rímù náà, ó wo ìka rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀.

“Ó dáa. Ọmọ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré, kí ló máa mú un di bíréèkì iwájú nìkan mú lórí òkè?”

Ìyẹn ò yé Ìbídùn náà. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà.

*

Ní komisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, fáànù kò yí. Ìnspẹ́tọ̀ Ebongué fi páálí fẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ àlàyé wáyà àti rímù. Ọkùnrin tó ti rẹ̀ ni. Ọkọ̀ wọn kò ní epo, wọ́n sì ti jẹ wọ́n lówó oṣù títí tí wọn ò fi bínú mọ́.

“Ma sista,” ló wí, “o wá tú ẹni tí mo mú sílẹ̀, o sì tún gbé nǹkan tó burú jù ú lọ fún mi. Bí kì í bá ṣe wáyà, omi ni. Ẹnìkan fi nǹkan sínú omi, ó fún ọmọ náà mu, ojú rẹ̀ ṣú, ó di bíréèkì tí kò yẹ mú. Ó sì gbé bídọ̀n sá lọ. Ta ló ń gbé bídọ̀n òfìfo sá lọ bí kò bá ní nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀? Ta ló sì ń pọn omi sínú bídọ̀n fún ẹgbẹ́ yẹn? Yẹ̀kínnì náà ni.”

Ìbídùn mọ̀ pé bí òun náà bá jókòó sórí àga yẹn, ohun tí òun máa rò nìyẹn.

“Kí lẹ fẹ́ kí n mú wá?”

“Bídọ̀n yẹn, àti ẹni tó nà án sí i. Bí kò bá sí wáyà gígé, tí kò sì sí májèlé, kò sí ẹjọ́, mi ò sì ní pépà tí màá fi kọ ẹjọ́ tí kò sí. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ìdajì ọjà ni kò ní i. Màá ní kó lọ tún tiẹ̀ ṣe.” Ó da páálí sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n bí o ò bá rí i, ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ò ní dúró dè ọ́.”

Wọ́n jẹ́ kó bá Yẹ̀kínnì sọ̀rọ̀ láti ẹnu irin. Irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀.

“Ó ti bímọ?” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ.

“Rárá.”

“Ẹ bá mi sọ fún un kó má rìn wá síbí mọ́, Àǹtí. Oòrùn ti mú jù.”

“Yẹ̀kínnì, kí lẹ jà lé lórí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Bíréèkì ni, Àǹtí. Ẹ wò ó bó ṣe dùn mọ́ ọlọ́pàá tó. Kẹ̀kẹ́ Faransé ni, ọwọ́ òsì ni wọ́n so bíréèkì iwájú mọ́. Nílé wa, ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo ní kó jẹ́ kí n yí i padà. Ó ní, ‘Laisse ça, tonton, ẹ fi í sílẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn.’ Mo pè é ní ọmọ tí kò gbọ́ èdè baba rẹ̀. Ó pè mí ní ará oko. Ibẹ̀ ló parí sí. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe fẹ́.”

“Omi inú bídọ̀n ńkọ́?”

“Omi, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀. Èmi náà mu nínú rẹ̀ kí n tó dé e.” Ó di irin mú. “Àǹtí, ṣé ẹ gbà mí gbọ́?”

“Bí mi ò bá gbà ọ́ gbọ́, ẹsẹ̀ mi ò ní máa dùn mí tó báyìí.”

*

Ẹni tó gba ipò kìíní lẹ́yìn ìṣubú náà ni Tchinda, ọmọ bíbí Dschang, tó ń fọ mọ́tò fún ìjẹun lẹ́bàá títì ní Bonamoussadi. Òun ló jèrè ọ̀ràn yìí jù, Ìbídùn sì ti fi ọkàn sí i pé òun yóò bá nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Ó bá nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń wá.

“Mo rí i,” ni Tchinda wí. Faransé tí pijin dà lù ló fi ń sọ̀rọ̀. Kò dẹ́kun fífọ mọ́tò. “Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan dúró nínú kùrukùru, ní ẹ̀gbẹ́ àpáta. Pamílẹ́rìn na ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ó ti wà nílẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?”

Àkísà ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Nítorí wọn á bi mí bóyá mo dúró. Mi ò dúró, Màmá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo lọ gba ife ẹ̀yẹ. Mi ò tíì lè gbé ife yẹn síbi tí mo ti lè máa rí i.”

“Ẹ̀gbẹ́ àpáta. Apá wo nìyẹn fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀?”

“Òsì. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́, apá ọ̀tún ló máa ń dúró sí, ojú ìgòkè ló sì ti ń fúnni lómi, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń rá bí ìgbín. Ta ló ń fúnni lómi lójú ìsọ̀kalẹ̀? Ẹni yẹn ò mọ nǹkankan nípa kẹ̀kẹ́.”

“Ọwọ́ wo ni Pamílẹ́rìn nà?”

Tchinda ronú. Ó ju àkísà sí èjìká, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba iwájú àyà kọjá sí òsì, ara rẹ̀ sì lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. “Báyìí. Ó ṣe mí bákan.”

“Ká ní ìwọ ni ńkọ́?”

“Òsì ni màá fi gbà á. Òun ló sún mọ́ ọn. Ṣé òùngbẹ ń béèrè ọwọ́ ni?”

Ìbídùn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú orí tó wúwo. Ó ní wáyà tí kò sẹ́ni tó gé, bíréèkì tó mú jù, àti ọwọ́ tó gba ọ̀nà jíjìn lọ síbi tó sún mọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò rí okùn tó so wọ́n pọ̀.

*

Ní ọsibítù, ìdílé aláìsàn ló ń ra òwú, tó ń ra bándéèjì, tó ń ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà máa wọ̀. Rọ̀kíbátù, ìyá Pamílẹ́rìn, ti rà wọ́n. Láti Youpwè létí omi ló ti wá, níbi tó ti ń yan ẹja, èéfín igi sì tẹ̀lé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀. Pamílẹ́rìn dùbúlẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ ọ̀tún kọ́ ọrùn.

“Ta ló fún ẹ lómi?” ni Ìbídùn bi í.

“Je ne sais pas, Àǹtí. Mi ò rántí.”

Ìdáhùn náà yá jù. Ẹni tí kò rántí a máa kọ́kọ́ wá a nínú ọkàn rẹ̀, ó kéré tán a wo àjà. Ọmọ yìí ò wo ibì kankan.

“Wọ́n fẹ́ gbé Yẹ̀kínnì lọ sí ẹnubodè. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ bímọ.”

Pamílẹ́rìn yí ojú sí ògiri.

Kò sí ohun tó kù tí Ìbídùn lè ṣe fún un ju kó bó ọsàn tó rà wá. Ó jókòó sí apá òsì ibùsùn, níbi tí àga wà, ó bó ọsàn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó là á, ó sì na ìdajì sí i. Ètè ọmọ náà ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ òsì gbéra lórí aṣọ, ó dúró lágbedeméjì, ó sì padà wọ abẹ́ aṣọ lọ.

“Ẹ gbé e sílẹ̀ fún mi, Àǹtí. Màá mú un.”

“Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ yẹn?”

“Òsì ni.” Ojú tì í díẹ̀. “Màmá mi á pa mí.”

Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Kò gbọ́ Yorùbá tó, mo mọ̀. Faransé ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ nílé. Láti ìgbà tó ti ń rá kòrò, bó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, màá gbá ọwọ́ náà. Ó ti wọ̀ ọ́ lára.”

Ìdajì ọsàn náà ṣì wà lọ́wọ́ Ìbídùn. Oje rẹ̀ ń kán sí i ní ọrùn ọwọ́, kò sì nù ún.

“Ó ti wọ̀ ọ́ lára,” ló tún un wí. “Pamílẹ́rìn, gbọ́ mi. O ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí o dá mi dúró. O sọ̀ kalẹ̀ dé kọ́nà, o ti rọra ń lọ nítorí kùrukùru. Ẹnìkan dúró lápá òsì rẹ, ó na omi sí ọ. Àgbà ni. Yorùbá ni, ẹni tí o mọ̀. Ká ní Tchinda ni, òsì ni yóò fi gbà á. Ìwọ ò lè ṣe é. O fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, o nà án kọjá àyà rẹ. Òsì nìkan ló wá kù lórí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ fẹ́ máa yára, o fún ohun tó wà lábẹ́ ìka rẹ, bíréèkì iwájú nìyẹn. Táyà iwájú dúró, tẹ̀yìn gbéra.”

Pamílẹ́rìn kò dá a dúró. Omi ojú rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú etí.

“Wọn ò fẹ́ ibi sí mi,” ló wí níkẹyìn. “Wọ́n rí i tí mò ń làágùn ni. Bí mo bá dárúkọ wọn, ọlọ́pàá á tú tonton Yẹ̀kínnì sílẹ̀, á sì mú wọn dípò. Wọ́n ti dàgbà, Àǹtí. Àwọn náà ò ní papiers, ìwé ìgbélùú.”

“O sì jẹ́ kí Yẹ̀kínnì wà níbẹ̀.”

“Mò ń retí kí wọ́n kàn tú u sílẹ̀.”

Ìbídùn kò bá a wí. Ní ọdún yẹn, ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń retí kí nǹkan kàn tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó yíjú sí Rọ̀kíbátù.

“Àgbà wo nínú wa ló bá bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ lọ?”

“Àwọn méjì péré. Alhaji Sàlísù.”

“Alhaji di àsíá mú ní Santchou níbi tí eré parí sí, gbogbo ayé rí i. Ìkejì?”

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Rọ̀kíbátù. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ìbídùn. “Bàbá Fátókun,” ló wí jẹ́jẹ́. “Télọ̀ inú ọjà Marché Congo. Àwọn ló rán ẹ̀wù ẹgbẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí mi ò mọ ẹnì kan, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo sùn.”

*

Ní Ọjọ́bọ̀, bí Ìbídùn ṣe ń la àárín àwọn ìtẹ́ aṣọ Marché Congo kọjá, ó ń to ìbéèrè jọ lọ́kàn. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá náà lè sẹ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́wọ́, Ìnspẹ́tọ̀ ṣì máa béèrè bídọ̀n, bídọ̀n náà á sì ti wà nínú ọ̀gbun. Ọkọ̀ yóò gbéra lọ́la. Ó pinnu láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ aṣọ, kó tó rọra darí ọ̀rọ̀ sí òkè.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fátókun kò ní ilẹ̀kùn. Gbangba ojú ọ̀nà ni tábìlì ìlọṣọ wà. Bàbá náà, gíga, tín-ín-rín, ń fẹ́ iná sí àyọ́ọ̀nù eléèédú. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i.

“Dìde, dìde, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ ti wú. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ọjà ò tà, àbí? Kò tà fún ẹnikẹ́ni. Jókòó.”

“Bàbá, mo ní ẹ̀wù ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ dára lọ́jọ́ Àìkú.”

“O rí i? Mo bá wọn lọ. Mi ò tíì gun òkè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní kí n lọ dúró síbi tí màá ti rí ẹ̀wù mi bó ṣe ń bọ̀. Ó sì bọ̀ lóòótọ́, lára ọmọ Rọ̀kíbátù, ó mọ́ ọn lára bí awọ.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Omi ni mò ń fún un lọ́wọ́ nígbà tí wáyà yẹn já. Ojú mi báyìí ló ṣe. Mo pariwo títí, jandámù dé, wọ́n lé gbogbo wa. Èmi tí mi ò ní ìwé, mo gba inú bọ́ọ̀sì lọ. Ẹni tó gé wáyà ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́.”

Gbogbo ìbéèrè tí Ìbídùn tò jọ tú ká. “Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Bàbá?”

“Kí ni kí n sọ? Pé mo fún ọmọ lómi? Ta ló bi mí?”

Lóòótọ́ ni. Inú àgbàlá ní Bonamoussadi ló ti béèrè rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé ọwọ́ ọ̀tún àti bíréèkì, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ tí kò fi ní pa arúgbó náà lára. Ó sì kù kó béèrè bídọ̀n. Ó ti ń gbọ́ ìdáhùn náà kó tó béèrè: ó ṣubú, ó yí lọ, Ọlọ́run ló mọ ibi tó wà.

Bàbá Fátókun tẹ́ ṣòkòtò kan sórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àyọ́ọ̀nù, ó gbé ike aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára, ó fún un, omi sì fọ́n tín-ín-rín sórí aṣọ. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó, wọ́n sì ń kọjá lọ. Ó gbé àyọ́ọ̀nù lé e, ó dún ṣìì. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹnu sókè, ó fún omi díẹ̀ sí ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì gbé e mì.

“Ó wúlò púpọ̀,” ló wí. “Mo ń dá a padà fún wọn. Mo kàn ní kí n fi lọ aṣọ tó wà nílẹ̀ yìí tán.”

Ìbídùn jókòó sórí àpótí tó sún mọ́ ọn jù lọ.

“Bàbá,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún tán. Yẹ̀kínnì ń dúró dè é ní komisáríà.”